Pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ KMS: kí ni ká ṣe sí backup ọdún mẹ́fà sẹ́yìn?

Atọ́jú-Ìwé, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tọ́jú ìwé owó wọn: ta ló san, ta ló yá, èló ló kù lọ́rùn ẹni. PostgreSQL ni dátábéèsì wa, orí RDS ló wà, ní Cape Town. RDS ni iṣẹ́ dátábéèsì tí AWS, cloud ti Amazon, ń yá èèyàn lò; KMS, ibi tí AWS ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ló ní kọ́kọ́rọ́ tá a fi ti ìwé náà pa kí ẹlòmíràn má lè kà á. Oṣooṣù la máa ń ya snapshot kan (ẹ̀dà gbogbo dátábéèsì bó ṣe wà lọ́jọ́ náà) sọ́tọ̀, ọdún 7 la sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 2019 sí 2020 kò sí lára snapshot. pg_dump (kíkọ dátábéèsì jáde sínú fáìlì) ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, wọ́n á fi gpg, ètò tó ń ti fáìlì pa, tì í, wọ́n á sì gbé e sínú S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti AWS.

Àwọn aṣàyẹ̀wò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní dandan ni ká máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ encryption lọ́dọọdún. Ọ̀gá mi wá ní kí n pààrọ̀ rẹ̀ kí n sì pa èyí tó ti gbó rẹ́, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Tí mo bá pa á rẹ́, ṣé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ á ṣì ṣeé ṣí? Àbí ṣe ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tún gbogbo wọn tì? Wọ́n lé ní 70. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ọmọ-Sáfà, Èkó

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ o! Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ wọ inú KMS lọ, kẹ́ ẹ wo kọ́kọ́rọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá rí "Pending deletion" níwájú rẹ̀, ẹnì kan ti ṣe é ṣáájú yín nìyẹn. Ẹ fagi lé e kíá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ẹ̀gbọ́n-DBA, Òṣogbo

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ méjì ni ọ̀gá rẹ so pọ̀. Pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ sí pípa kọ́kọ́rọ́ rẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń kó sí wàhálà nìyẹn.

Ká ní o ní àpótí 70. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ kékeré tirẹ̀, òun la fi ti ẹrù inú rẹ̀ mọ́lé. A wá kó kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn sínú agolo irin kan, a so agolo náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, a sì fi kọ́kọ́rọ́ ńlá ti agolo pa. Kọ́kọ́rọ́ ńlá yìí ló wà lọ́wọ́ KMS. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún títọ́jú kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé, kò sì sẹ́ni tó lè dà á kọ jáde, títí kan ìwọ tó o ni ín. Tó o bá fẹ́ ṣí ẹ̀dà kan, agolo nìkan ni RDS máa gbé lọ bá KMS. KMS á wò ó bóyá o láṣẹ, á ṣí agolo, á sì fi kọ́kọ́rọ́ kékeré lé RDS lọ́wọ́.

Nígbà tó o bá tan rotation (pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́) tó ń dá ara rẹ̀ ṣe, KMS á rọ kọ́kọ́rọ́ ńlá tuntun. ID rẹ̀ kò yí padà, ARN (àdírẹ́sì rẹ̀ ní kíkún) kò yí padà, alias (orúkọ ìnagijẹ rẹ̀) náà wà bó ṣe wà. Kò ju ti tẹ́lẹ̀ nù. Kò kàn ní fi í ti nǹkan tuntun mọ́ ni, ṣùgbọ́n yóò máa fi í ṣí ti àtijọ́. Ara agolo ni wọ́n ti kọ èyí tó tì í sí, nítorí náà KMS fúnra rẹ̀ mọ èwo ló máa mú. O ò ní láti tún ẹ̀dà kankan tì. Ọdún 2024 ni AWS fún wa láyè láti yan iye ọjọ́ tá a fẹ́, láti 90 dé 2560. Tó ò bá yan nǹkan kan, 365 ló máa lò, ìyẹn sì bá ohun tí àwọn aṣàyẹ̀wò rẹ béèrè mu gẹ́lẹ́.

Pípa rẹ́ wá ńkọ́? AWS kì í jẹ́ kó o pa kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 7 sí 30 ni wọ́n máa fi dúró, 30 ni tó ò bá sọ̀rọ̀. Tí ọjọ́ náà bá fi lè pé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ID yẹn, ti àtijọ́ àti ti tuntun, á lọ pọ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ AWS kan tó lè bá ọ rí i mọ́. Ẹ̀dà 70 rẹ á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á ṣì máa gba owó ibi ìpamọ́ lọ́wọ́ rẹ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹ̀dá tó lè kà á.

Ohun kan tí wàá fi bá àwọn aṣàyẹ̀wò sọ̀rọ̀: nínú ìwé ìtọ́sọ́nà SP 800-57, àjọ NIST tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín ọjọ́ ayé kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀nà méjì, ìgbà tá a fi ń tì àti ìgbà tá a fi ń ṣí. Fún kọ́kọ́rọ́ tá a fi ń ti dátà, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí títì má ju ọdún 2 lọ, kí ṣíṣí má sì fi ju ọdún 3 kọjá ìyẹn. Ẹ̀dà ọdún 7 kọjá ibẹ̀. Nítorí náà kọ ìdí tí ẹ fi ń tọ́jú wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Aṣàyẹ̀wò tó mọṣẹ́ máa gba ìdí tó wà ní kíkọ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ.

Ìyá-Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ṣí dátábéèsì lọ sórí kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń pè é mọ́. Ẹnì kan tó ń gé ìnáwó kù rí i, dọ́là kan lóṣù, ó ní a ò lò ó mọ́, ó sì fi í sí ìlà pípa rẹ́, ọjọ́ 30. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Dátábéèsì ń ṣiṣẹ́, oníbàárà ń wọlé, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Oníbàárà kan wá béèrè ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fún ẹjọ́ tó ní ní kóòtù. Mo mú snapshot ọdún náà, mo ní kó padà wá. Ó ní KMSKeyNotAccessibleFault, ìyẹn ni pé kò rí kọ́kọ́rọ́ náà lò. Mo tún un ṣe, ohun kan náà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo wọ inú KMS tí mo rí ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀: ọjọ́ 7 péré ló kù. Mo fagi lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: tẹ́ ẹ bá fagi lé pípa rẹ́, kọ́kọ́rọ́ kì í jí padà fúnra rẹ̀. "Disabled" ló máa wà. Ẹ ní láti tún tẹ Enable. Ìṣẹ́jú bíi 20 ni mo fi rò pé kò ṣiṣẹ́, mo ti fẹ́ máa sunkún, kí n tó rí i.

Ká ní oníbàárà yẹn dúró ọ̀sẹ̀ kan sí i ni, ohun tí ǹ bá sọ fún un ò yé mi títí di òní. Látìgbà náà, ọ̀nà méjì ni mo ń gbà dènà rẹ̀. Mo fi òfin sí orí àkáǹtì pátápátá, láti Organizations, ibi tí AWS ti ń darí gbogbo àkáǹtì ilé iṣẹ́ kan, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe kms:ScheduleKeyDeletion (fífi kọ́kọ́rọ́ sí ìlà pípa rẹ́) àyàfi ipò kan ṣoṣo tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lò. Mo sì so CloudTrail, tó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe nínú àkáǹtì sílẹ̀, mọ́ ìkìlọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá kàn gbìyànjú rẹ̀, fóònù mi àti ti ọ̀gá mi á dún.

Ààbò-Lákọ̀ọ́kọ́, Ìlọrin

Mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ̀dà àtijọ́ wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti jò, kí ni àǹfààní pípààrọ̀? Ẹ tún gbogbo rẹ̀ tì.

Ẹ̀gbọ́n-DBA, Òṣogbo

Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ jíjò sọ́tọ̀ kúrò lára ìpààrọ̀ ọdọọdún.

Nínú KMS, kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kì í jáde, torí náà kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló máa ń jò níbẹ̀. Àṣẹ ló ń jò: ẹnì kan jí access key (ohun ìwọlé AWS) òṣìṣẹ́ kan, ó sì ń bẹ KMS kó bá òun ṣí agolo. Ẹ lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, onítọ̀hún á ṣì máa bẹ KMS, KMS á ṣì máa dá a lóhùn. Àṣẹ yẹn lẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ka key policy, òfin tó sọ ẹni tó láṣẹ lórí kọ́kọ́rọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo ẹni tó ní kms:Decrypt (àṣẹ láti ṣí) àti ẹni tó lè ṣe CreateGrant (fífún ẹlòmíràn láṣẹ). Tó bá jẹ́ gpg ni, tàbí fáìlì kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà èèyàn, tí ẹnì kan sì ti dà á kọ, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yín bá a mu. Ẹ ṣí i, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tún un tì, kẹ́ ẹ sì pa ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo tó bá wà. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀, iṣẹ́ asán lẹ ṣe.

Títún gbogbo rẹ̀ tì láìsí ìdí léwu pẹ̀lú. Bí ẹ̀dà bá wà nínú Glacier Deep Archive, apá S3 tó wà fún ohun tí a kì í sábà ṣí, ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé e jáde, ìyẹn lè gba wákàtí 12, tàbí 48 tẹ́ ẹ bá mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ti fi Object Lock (ìdènà tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa fáìlì rẹ́) sí i ní compliance mode, èyí tó le jù, ẹ ò lè pa ti àtijọ́ rẹ́ títí ọdún rẹ̀ á fi pé, kódà root, ẹni tó ni àkáǹtì, ò lè ṣe é. Ẹ̀dà méjì lẹ máa wá máa sanwó fún. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú ọ̀nà: ẹ̀dà tó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ọdún 2021, ṣé ẹ fẹ́ máa gbé e káàkiri, kí ọ̀kan já lágbede méjì kẹ́ ẹ má sì mọ̀?

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Object Lock: ẹ má jẹ́ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Fáìlì ló ń ṣọ́, kò bá yín ṣọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so fáìlì mọ́lẹ̀ fún ọdún 7, tí ọmọ ọ̀fíìsì mẹ́rin sì lè pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rẹ́.

Ọmọ-Ẹ̀gbá, Manchester

Azure, cloud ti Microsoft, ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Lórí Azure SQL, ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè dé ọdún 10. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ TDE protector, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ ńlá tiwọn, dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á bọ́ sórí kọ́kọ́rọ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀ ṣì so mọ́ èyí tó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú Key Vault, ibi tí Azure ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a padà. Ẹ tan purge protection, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ pátápátá kí ọjọ́ tó pé. Soft delete (ìparẹ́ tó ṣì ṣeé dá padà) nìkan ò tó, torí ẹni tó bá láṣẹ lè purge rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ti Google, version ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rọ fún kọ́kọ́rọ́ kan. Pípààrọ̀ á mú version tuntun di primary, èyí tí wọ́n ń fi ti nǹkan tuntun, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe láti pa version kan ṣoṣo rẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. Lójú ẹni tó ń tún ilé ṣe, version àtijọ́ máa ń dà bíi pàǹtírí.

Lọ́yà-Dátà, Èkó

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọdún 7 lẹ́bi: òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà, CAMA 2020, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6, òfin tó lòdì sí fífọ owó ẹ̀gbin ti 2022 sì ní ó kéré tán ọdún 5. Apá kejì tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni òfin ààbò dátà, NDPA ti 2023, tó ní kẹ́ ẹ má tọ́jú ọ̀rọ̀ ara ẹni ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọdún bá pé, ẹ gbọ́dọ̀ lè pa á rẹ́ tán pátápátá.

Ibí yìí ni mo ti rí i tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan ń ṣe èèyàn láǹfààní. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ kan fún ẹ̀dà 2025, òmíràn fún 2026. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe snapshot, ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ sì fún ẹ̀dà náà ní kọ́kọ́rọ́ ọdún rẹ̀. RDS gbà yín láyè láti yan kọ́kọ́rọ́ mìíràn nígbà tẹ́ ẹ bá ń da snapshot kọ. Nígbà tí ọdún 2025 bá pé ọdún 7, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lẹ máa pa, gbogbo ẹ̀dà tí kọ́kọ́rọ́ náà tì á sì kú níbikíbi tó bá fara pamọ́ sí. Rotation tó ń dá ara rẹ̀ ṣe ò lè fún yín nìyẹn lórí AWS, torí ẹ ò lè pa ohun èlò ọdún kan ṣoṣo nínú ID kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ pọ̀.

Ìyá-Ìbejì, Abẹ́òkúta

Èyí dáa gan-an, ẹ ṣeun. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí: ẹ̀dà wo, kọ́kọ́rọ́ wo, ọjọ́ wo ló máa kú. Kí ìwé náà má sì wà nínú dátábéèsì tẹ́ ẹ fẹ́ gbà là.

Ọmọ-Sáfà, Èkó

Ẹ tún wo orúkọ ẹni tí àkáǹtì cloud náà wà lórí rẹ̀ àti káàdì tẹ́ ẹ fi ń sanwó. Ní ìparí ọdún 2022, tí àwọn báǹkì kan dá káàdì náírà dúró fún ìnáwó òkè òkun, ojú wa rí màbo níbi iṣẹ́ wa, a sáré kiri kí wọ́n tó ti àkáǹtì wa. Ọjọ́ 90 lẹ́yìn tí AWS bá ti àkáǹtì pa, ó parí, tòun ti kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o.

Onígpg, Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ KMS, kò sẹ́ni tó bi arákùnrin yìí nípa fáìlì ọdún 2019. Rotation KMS ò ní fọwọ́ kan àwọn yẹn láé. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣe `gpg --list-packets` sí i. Á sọ ID kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi tì í, láìjẹ́ pé ẹ ṣí i. Ẹ ṣe é fún gbogbo wọn, ẹ kọ ID kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó bá ID yẹn mu. Tẹ́ ẹ bá rí i tó sọ pé ó ti expire, ẹ má bẹ̀rù. Ọjọ́ tó kọjá yẹn ń dí i lọ́wọ́ láti ti nǹkan tuntun ni, kò dí i lọ́wọ́ láti ṣí ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ni wàhálà. Bí ẹni kan ṣoṣo bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bá a lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Tẹ́ ẹ bá sì ń lo pgBackRest tàbí restic, àwọn ètò tó ń ṣe backup, níbòmíràn, ẹ mọ̀ pé yíyí password restic padà ò yí kọ́kọ́rọ́ ńlá inú rẹ̀ padà, àti pé pgBackRest ò gbà kẹ́ ẹ yí ìtìpa repo (ibi ìpamọ́ ẹ̀dà) padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣẹ̀dá stanza, ìyẹn ètò backup dátábéèsì kan nínú rẹ̀. Repo tuntun lẹ máa dá.

Ẹ̀gbọ́n-DBA, Òṣogbo

Onígpg, ẹ ṣeun, mo fo ibẹ̀. Àbúrò, ẹ̀dà tó dàgbà jù lọ ni kó o kọ́kọ́ dá padà, má ṣe ti oṣù tó kọjá. Dá a padà sínú dátábéèsì àdádó, ka ìlà rẹ̀, kó o sì pa dátábéèsì náà rẹ́ tó o bá parí, torí owó èèyàn ló wà níbẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́: ọdún 5 ni PostgreSQL fi ń tọ́jú version kan. Version kọkànlá tó jáde lọ́dún 2018 ti dákẹ́ láti oṣù Kọkànlá 2023. Snapshot sì so mọ́ version tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ̀dà ọdún 7 bá jẹ́ snapshot nìkan, máa ṣe pg_dump rẹ̀ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún.

Atọ́jú-Ìwé, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lórí rẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọ̀gá mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká má pa nǹkan kan rẹ́. A ti tan rotation, ọjọ́ 365. Òfin tí Ìyá-Ìbejì sọ ti wà lórí àkáǹtì, mo sì gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara mi pa kọ́kọ́rọ́ ìdánwò kan: ó kọ̀, fóònù ọ̀gá dún. Láti oṣù Kìíní tó ń bọ̀, a ó máa lo kọ́kọ́rọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan bí Lọ́yà ṣe sọ. Ìwé ẹ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ ti wà ní títẹ̀ jáde, ọ̀kan ní ọ̀fíìsì, ọ̀kan nílé ọ̀gá.

gpg ló fẹ́ pa mí. Fáìlì 13 ni wọ́n, ID kan náà ló wà lára 12. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ wà lórí láptọ́ọ̀pù kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bátìrì rẹ̀ ti wú. A yọ bátìrì, a fi wáyà gbé e dìde. Àǹtí tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Mo wakọ̀ lọ bá a. Ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kínní, ó kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. Ó ní, "Dúró ná, mo fi orúkọ àdúgbò ìyá mi sí i." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣí i.

Mo dá ti oṣù Kẹwàá 2019 padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìlà 18,432 ló wà nínú táábù owó tí wọ́n san. Mo wo èyí àkọ́kọ́: ìyá oníṣòwò kan, ₦2,500. Mo lọ wá ìwé kékeré ẹgbẹ́ náà nínú fáìlì ọ̀fíìsì, ₦2,500 náà ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan náà. A ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, èèyàn méjì ló mọ̀ ọ́n báyìí, ó sì wà nínú àpòòwé títì nínú séèfù.

Ó ku fáìlì kan, ti oṣù Kejìlá 2019. ID ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Àǹtí ní òun rántí pé òun dán kọ́kọ́rọ́ mìíràn wò ní àsìkò Kérésìmesì yẹn, pé orí flash kan ló wà. Ó ti ń tú àpótí ẹrù rẹ̀ wò. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa padà lọ bá a.